N'ÌKẸJÀ, NÍBI TÍ FÓÒNÙ TÓ ṢÁKO LỌ TI Ń PADÀ SÍLÉ

Bí èèyàn bá wọ danfo láti Mushin dé Òṣòdì, tó tún wọ òmíràn láti Òṣòdì dé Ìkẹjà, tó sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ bíríìjì, kò ní í béèrè ọ̀nà Computer Village lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ibẹ̀ fúnra wọn ló máa wá a wá. Kò ní í tíì rìn jìnnà tí wọ́n á ti máa fà á láṣọ: "Màmá, ṣé fóònù lẹ fẹ́ẹ́ rà?" "Bọ̀dá, ẹ ò ta èyí tó wà lọ́wọ́ yín?" "Gíláàsì yín ti fọ́, ẹ jẹ́ ká bá yín pààrọ̀ ẹ̀!" Ariwo ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn lọ́tùn-ún, ariwo jẹnẹrétọ̀ lósì, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń fẹ́ gba ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn gan-an ò ti ráyè. Ẹni tó bá di báàgì ẹ̀ mú níbẹ̀ kì í ṣe ojo o, ọlọ́gbọ́n ni.

Àwọn àgbà Ìkẹjà ò lè gbàgbé pé àdúgbò táwọn èèyàn ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ ni Otigba, Ola Ayeni àti Pepple tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 làwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tapuráítà àti kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM wá dé Nàìjíríà ní 2001, ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Yàrá di ṣọ́ọ̀bù, gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ àtẹ̀gùn náà di ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé Katangowa làwọn máa kó ọjà náà lọ. Ní 2019 tí wọ́n sì fi ìyálọ́jà jẹ níbẹ̀, ariwo ńlá ló sọ, torí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ibẹ̀ ló ní àwọn ò fara mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé ọjà lọjà í jẹ́, bó jẹ́ ata ni wọ́n ń tà níbẹ̀, bó jẹ́ fóònù.

Ọjà yìí ni ìyá kan tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ l'Ójúwoyè, ní Mushin, gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan. Fóònù ẹ̀ ló gbé lọ. Kì í ṣe pé fóònù náà kú o. Ó ń pe èèyàn, wọ́n ń pè é, WhatsApp ń wọlé. Ibi tí wàhálà wà ni pé áàpù báńkì ẹ̀ ò ṣí mọ́. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, òyìnbó kan ló máa jáde sójú ẹ̀, pé wọ́n ti yí fóònù yìí padà kúrò ní bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é, báńkì ò sì lè jẹ́ kó wọlé. Oníbàárà á ní òun ti fowó ránṣẹ́, ìyá ò ní í lè yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni ẹnì kan fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gbé odidi àpò gààrí méjì lọ!

Ohun tó tún ń já ìyá yìí láyà ju gààrí lọ ni àjọ. Obìnrin mọ́kànlélógún ló ń dá àjọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Orúkọ wọn, iye tí kálukú ti dá, ẹni tó ti kó àti ẹni tó kàn, inú fóònù yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà. Kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ àjọ mọ̀ pé bí àkọsílẹ̀ bá sọnù, ìjà ló kù.

Báwo ni fóònù ṣe dà bẹ́ẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń kàwé n'Ílọrin ló wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ ẹ̀. Samsung Galaxy A52 ni fóònù náà. Ọdún 2021 ni Samsung gbé irú ẹ̀ jáde pẹ̀lú Android 11, wọ́n sì ń fi tuntun ránṣẹ́ sí i títí tó fi dé Android 14, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ọmọ yìí ò fẹ́ kí fóònù àǹtí ẹ̀ di ti àtijọ́. Ó ṣí ìlẹ̀kùn tí iléeṣẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ tì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní bootloader, ó kó ohun tí Samsung fi síbẹ̀ dànù, ó wá fi LineageOS sí i, èyí táwọn èèyàn kan káàkiri ayé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má pe ọmọ náà lólè o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí fóònù wọn lè pẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ áàpù báńkì bá ti rí i pé ìlẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀, wọn kì í wọ ilé ọ̀hún. Ẹ̀rù olè ń bà wọ́n.

Ìyá ò tíì dé ibi tí wọ́n júwe fún un tí ọmọkùnrin kan ti gba fóònù náà wò. "Màmá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Ẹ jókòó, màá da ROM ẹ̀ padà." Owó tó pè ò wọ́n rárá. Ó ti ń nawọ́ mú wáyà nígbà tí ìyá bi í pé, "Àkọsílẹ̀ mi ńkọ́?" Ó ní, "Àkọsílẹ̀ wo, Màmá?" Ni ìyá bá gba fóònù ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ò béèrè ohun tó wà nínú yàrá mi, èmi ò lè jẹ́ kó bá mi gbá a."

Lókè àtẹ̀gùn kan ní Pepple ló ti wá bá ẹnjiníà tí wọ́n júwe fún un. Yàrá náà ò ju ìsọ̀ aláta lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí i dáadáa, ó fún un ní bẹ́ǹṣì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó sọnù?" Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí mò ń wá ni mo dé yìí."

Ẹnjiníà ṣàlàyé fún un bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé. Ó ní kí wọ́n tó lè dá fóònù padà sí bí iléeṣẹ́ ṣe kọ́ ọ, àfi kí wọ́n kó gbogbo ẹrù inú ẹ̀ síta. Bí ayálégbé bá ti wó ògiri, tó la fèrèsé síbi tó wù ú, tí lańlọ́ọ̀dù sì ní òun fẹ́ ilé òun bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bíríkìlà ò ní í ṣiṣẹ́ nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ṣì wà níbẹ̀. Fọ́tò, nọ́ńbà, àkọsílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa parẹ́ béèyàn ò bá kọ́kọ́ kó o.

Ó ní ohun kan tún wà nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n ń pè ní kẹ́nẹ̀ẹ̀lì. Òun ló dúró láàárín irin fóònù àtàwọn áàpù. Bí áàpù bá fẹ́ lo kámẹ́rà, gbohùn-gbohùn tàbí bátìrì, ọ̀dọ̀ kẹ́nẹ̀ẹ̀lì ló gbọ́dọ̀ gbà, bí alárinà tí kì í jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara ẹ̀ bu gààrí. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ kẹ́nẹ̀ẹ̀lì Linux ní 1991, nígbà tó ṣì ń kàwé ní yunifásítì ìlú Helsinki, orí ẹ̀ náà sì ni wọ́n kọ́ Android lé. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá gbẹ́ ẹ kó bá irin tiẹ̀ mu. Ìdí nìyẹn tí kẹ́nẹ̀ẹ̀lì fóònù kan ò fi lè bá òmíràn lọ, kódà kí wọ́n jọra bí ìbejì.

Iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ wáyà. Ọmọ iṣẹ́ ẹnjiníà sáré lọ ra ìwé ẹlẹ́wé ogójì nísàlẹ̀. Ìyá ń kà á, ọmọ ń kọ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí orúkọ mọ́kànlélógún fi pé. Ìyá gba ìwé, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, ó rí ibì kan tí ọmọ ti fi òdo kan dín iye owó ẹnì kan, wọ́n tún un kọ. Ju wákàtí kan lọ ni wọ́n lò sí i. Fọ́tò àti nọ́ńbà, inú mẹ́mórì káàdì ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì yọ káàdì náà sórí tábìlì.

"Ímeèlì ta ló wà lórí ẹ̀, Màmá?" Ọ̀rọ̀ tún dé! Ti ọmọ Ìlọrin ni. Ẹnjiníà mi orí. Ó ní láti 2015, nígbà ayé Android 5.1, ni Google ti fi ìdè kan sí i nítorí àwọn olè: bí wọ́n bá nu fóònù láìkọ́kọ́ yọ ímeèlì, yóò béèrè ímeèlì yẹn àti pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ bó bá tàn. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, òkúta ló dì mọ́wọ́. Wọ́n pe Ìlọrin. "Ẹ káàsán mà, Àǹtí." "Káàsán kọ́! Wá sọ ohun tó o ṣe sí fóònù mi." Ọmọ bẹ̀bẹ̀, ó ní ire lòun rò. Wọ́n yọ ímeèlì ẹ̀, wọ́n ṣí ti ìyá fúnra ẹ̀, ìyá mú pásíwọ́ọ̀dù tí kò lè gbàgbé, wọ́n sì kó WhatsApp pa mọ́ síbẹ̀.

Ó ku wáyà. Ẹnjiníà pa fóònù, ó di bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń mú ohùn lọ sókè sódò mú pọ̀, ó ki wáyà láàpútọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́, ojú kan tí ìyá ò rí rí sì yọ. Nọ́ńbà àdàmọ̀ fóònù ni wọ́n ń wá: SM-A525F. Ó ní ìkejì ẹ̀ tó ń lo 5G, SM-A526B ló ń jẹ́, orúkọ àwọn méjèèjì lẹ́nu èèyàn sì ni A52. Ẹni tó bá gbé ẹrù èkíní fún èkejì ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Ó tún wo nọ́ńbà kékeré kan nínú orúkọ fáìlì, torí Samsung ò gbà kéèyàn padà sí èyí tí nọ́ńbà yẹn kéré sí ti ara fóònù.

Odin lorúkọ ẹ̀rọ inú láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń ṣe é. Òrìṣà kan tí wọ́n ń bọ láyé àtijọ́ nílẹ̀ Norway àti Sweden ló ni orúkọ náà. Ojú mẹ́rin ni wọ́n ń kó ẹrù sí. BL ni onílẹ̀kùn. AP ni ilé fúnra ẹ̀, inú ẹ̀ sì ni kẹ́nẹ̀ẹ̀lì wà. CP ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. CSC ni ètò orílẹ̀-èdè. CSC yìí pé méjì: èyí tí HOME wà níwájú orúkọ ẹ̀ kì í nu ẹrù onílé, èkejì máa ń nù ún. Fóònù tó bá ń ti òde ẹlòmíì bọ̀, èyí tó ń nu nǹkan ló yẹ ẹ́.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìlà kékeré kan ń rìn lójú fóònù díẹ̀díẹ̀. Àárín ẹ̀ ni NEPA mú iná lọ! Ìyá pariwo "Yéè!" Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, torí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ kún, fóònù náà sì ti gba iná dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọ̀ ewé yọ lójú Odin, wọ́n kọ PASS síbẹ̀. Samsung ti padà sílé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ló wá kàn. Ẹnjiníà ò kánjú ti ìlẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí fóònù tàn dáadáa, ó tẹ *#06# láti rí i pé nọ́ńbà IMEI ẹ̀ pé, ó pe ìyá, fóònù dún. Ìgbà yẹn ló tó padà lọ ti bootloader, fóònù sì tún nu ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ẹni tó bá ti ìlẹ̀kùn nígbà tí àjèjì ṣì wà nínú ilé, fóònù ẹ̀ lè kọ̀ kó má tàn mọ́. Àwọn Tecno àti Infinix tí ọpọlọ wọn jẹ́ MediaTek, SP Flash Tool ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ Format All níbẹ̀, torí ó lè nu IMEI mọ́ ọn.

Áàpù báńkì ṣí. Ìyá rí owó mẹ́ta tó ti wọlé tí kò mọ̀, ó sì rí i dájú pé ti alápò gààrí méjì yẹn ò sí níbẹ̀.

Ẹnjiníà ò fi èyí tó kù pa mọ́ fún un. Samsung fi nǹkan kan tó ń jẹ́ Knox sínú fóònù, ó ní fíúsì kékeré kan. Ọjọ́ tí ọmọ Ìlọrin gbé ohun àjèjì wọlé ni fíúsì yẹn ti jó, kò sì sí ẹnjiníà tó lè dá a padà. Áàpù báńkì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ Secure Folder tí wọ́n ń kó nǹkan àṣírí sí ò ní í ṣí mọ́ láéláé. Ìyá ní, "Kò burú. Ojú ọgbẹ́ lè jinná, kí àpá má lọ."

Ó sanwó, ó fún ọmọ iṣẹ́ ní owó omi, ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ariwo. Ọmọkùnrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì wà níbẹ̀, fóònù ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá dúró, ó bi obìnrin tó ni ín pé, "Ìyàwó, ṣé ẹ ti kó ẹrù yín síta?"

Nínú danfo tó ń lọ sí Òṣòdì, fóònù wà nínú báàgì. Ìwé ẹlẹ́wé ogójì ni ìyá dì mọ́ àyà.