Kíkọ́ Bí A Ṣe Ń Ka Fáìlì Ọmọ Tó Kú

Ẹni tó bá gbọ́ pé àwa nọ́ọ̀sì ń jókòó yẹ ikú ọmọ tuntun wò lè rò pé ẹjọ́ la ń dá. Mátírọ́nì tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, á ti fi bébà bo orúkọ ìyá àti orúkọ ẹni tó gbẹ̀bí. "Nọ́ọ̀sì, ohun tó ṣẹlẹ̀ la fẹ́ mọ̀. A ò wá ẹni tó ṣe é."

Ilé ìwòsàn tí a ti ń ṣe é kò jìnnà sí Raji Rasaki Estate tí mò ń gbé, l'Amúwó-Ọ̀dọ̀fin. Mo ti ń gbẹ̀bí kí n tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kíka fáìlì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Àkókò la kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀: ìgbà tí ìrọbí mú ìyá, ìgbà tó dé géètì, ìgbà tí a gbọ́ lílù ọkàn ọmọ kẹ́yìn, ìgbà tí a pe dókítà, ìgbà tí dókítà dé. Àárín àkókò méjì ni ikú sábà máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá mọ Mile 2, nígbà tí táńkà àti tírélà tó ń lọ sí Apapa bá dí títì pa, kò ní béèrè ohun tó ń jẹ wákàtí láàárín ilé àti géètì.

Fáìlì kan wà tó ní ọmọ kò lè mí. Ibẹ̀ ni ìbéèrè Mátírọ́nì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí a kò fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́? Báàgì àti másìkì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sílé. Kí ló dé tí wọ́n ń tì í? Nítorí bí ohun èlò bá sọnù, inú owó oṣù nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀. Ta ni kò ní tì í? A fi báàgì náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń gba ọmọ, a ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkigbà tí a bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, ọ̀gá àgbà sì fòpin sí owó yíyọ.

Lóde, bí ọmọ bá kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, a máa ń tu ìyá nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó dára lẹ́nu ẹbí. Nínú yàrá ìpàdé wa, omi tó dànù gan-an là ń béèrè. Omi náà ò sì kéré: NDHS, ìyẹn ìwádìí lórí iye ènìyàn àti ìlera, ti 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ló ń kú kí wọ́n tó pé oṣù kan; ti 2023 sí 2024 ní 41.

Robert Pattinson ti South Africa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó onírúurú ìwádìí jọ ní 2009. Wọ́n rí i pé irú àyẹ̀wò ikú tí àwa ń ṣe yìí lè fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín ikú ọmọ lásìkò ìbí kù, bí wọ́n bá ṣe ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí Mátírọ́nì fi ń kọ orúkọ àti ọjọ́ síwájú ìpinnu kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé ìwé yẹn la máa ń kọ́kọ́ kà ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e.

Ní báyìí, ó ń kọ́ mi bí a ṣe ń lọ bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sílé tàbí lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀, níbi tí kò sí fáìlì kankan. A máa gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí oyún, a ò sì ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.