Afárá Tí Wọ́n Ní Ẹyin Ló So Ó Ró

Ìlú Prague ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ni ẹsẹ̀ gbé mi dé lọ́tẹ̀ yìí. Mo rin afárá òkúta tí Ọba Charles Kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ sórí odò Vltava ní 1357, nítorí àgbàrá ti ba èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ní 1342. Ó gùn tó mítà 516, ó sì ní ojú 16 tí omi ń gbà kọjá. Ọkọ̀ gba orí rẹ̀ títí di 1965; ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń rìn ín báyìí.

Wọ́n ní àwọn awòràwọ̀ ló yan àkókò ìpìlẹ̀ rẹ̀: ọdún 1357, ọjọ́ 9, oṣù 7, aago 5 òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 31. Ẹ kà á láti iwájú, ẹ kà á láti ẹ̀yìn, bákan náà ni. Babaláwo wa nìkan kọ́ ló ń yan ọjọ́ rere o!

Ṣùgbọ́n ìtàn ẹyin ló mú mi lọ́kàn. Wọ́n ní ọba pàṣẹ kí àwọn ìlú kó ẹyin wá, kí wọ́n fi po ẹfun tí yóò so òkúta mọ́ra. Àwọn ará Velvary rò ó pé ọ̀nà jìn, kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbọ̀n, ẹyin á fọ́. Wọ́n bá sè é jinná kí wọ́n tó dì í. Ẹ̀rín pa àwọn bíríkìlà, títí dòní ni wọ́n sì ń fi Velvary ṣe yẹ̀yẹ́. (Ẹyin tútù àwọn ìlú yòókù náà kò ṣá gba afárá sílẹ̀ ní 1890, nígbà tí omi kó igi gẹdú lù ú, tí ojú 3 fi wó.)

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rántí ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà. Mo ní kí ọmọ kíláàsì mi kan mú ẹ̀wà wá lọ́jọ́ kejì. A fẹ́ gbìn ín sínú agolo ká wo bí yóò ṣe hù, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un. Ẹ̀wà sísè ló gbé wá, tòun tepo. Kíláàsì hó yèè, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọmọ náà kò fi wá sí ilé ìwé.

Ó ti ń ta aṣọ lọ́jà báyìí. Nígbà tí mo dé, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ìtàn Velvary fún un, mo sì ní kó má bínú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, àwọn bíríkìlà ọ̀hún, ṣé wọ́n jẹ ẹyin náà?"