Ẹ Kẹ̀yìn sí Oòrùn

Fọ́tò tí ojú èèyàn kò bá hàn nínú rẹ̀, èmi kò kà á sí fọ́tò, bó ti wù kí omi tó wà lẹ́yìn wọn rẹwà tó. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí àwọn fọ́tò tí ẹbí, ìjọ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń yà bí wọ́n bá ṣe ìrìn àjò afẹ́ lọ sí Àgbádárìgì. Ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ ló ń fà wọ́n lé oòrùn lọ́wọ́. Wọ́n á bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yí lójú ọ̀nà, wọ́n á wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí lọ́dún 1845, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gba orí ọ̀sà sọdá sí erékùṣù Gberefu. Kí wọ́n tó rin inú iyanrìn dé etí òkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ nígbà kan, oòrùn ti kan àtàrí. Ìgbà náà gan-an ni ẹnì kan á pariwo pé, "Ẹ wá tò, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò!"

Oòrùn àtàrí kì í ṣàánú ojú. Ó máa ń da òjìji sínú kòtò ojú àti sábẹ́ imú, fìlà àti gèlè á tún fi tiwọn kún un. Kámẹ́rà ní tirẹ̀, bó bá ti rí iyanrìn, omi tó ń kọ mànà àti léèsì funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Ẹni tó pupa lè mórí bọ́. Ẹni tó dúdú ló máa ń pòórá. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé iṣẹ́ Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n máa fi díwọ̀n àwọ̀ ara. Wọn ò ro tiwa mọ́ ọn.

Lọ́dún 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa fọ́tò yíyà láàárín àwa Yorùbá sínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ṣàlàyé bí àgbà ṣe máa ń jókòó: á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, á gbé ọwọ́ lé orúnkún. Kò yẹ kí ojú irú àgbà bẹ́ẹ̀ ṣókùnkùn sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ní Gberefu, gúúsù ni òkun wà. Ní oṣù Kejìlá tí ìgbafẹ́ pọ̀, gúúsù náà ni oòrùn ọ̀sán máa ń fì sí. Ẹni tó bá kọjú sí òkun á fún ojú pọ̀, omi á máa dà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí i, òjìji ara rẹ̀ á bo gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gba, iyanrìn á sì rọra da ìmọ́lẹ̀ padà sókè sábẹ́ àgbọ̀n àti ìpéǹpéjú. Kí ayàwòrán wá fọwọ́ tẹ ojú ẹni tó dúdú jù lórí fóònù, kó fa ìmọ́lẹ̀ sókè. Òkun ẹ̀yìn lè funfun báláú, kó funfun. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè kọjá níbẹ̀, òkun ni wọ́n kọjú sí. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n dúró lórí iyanrìn kan náà, tí wọ́n kọjú sílé.

Ẹ má sì sáré sábẹ́ igi àgbọn o. Imọ̀ rẹ̀ máa ń la oòrùn sí wẹ́wẹ́, á fi ilà sí gbogbo yín lójú. Nínú ọkọ̀ ojú omi, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì máa ń ta àwọ̀ sí ni lágbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ má bọ́ ọ: ẹ̀mí ju fọ́tò lọ.

Èyí tó le jù ni bí ọmọdé ṣe máa sọ fún àgbà pé kó yí padà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa kẹ̀yìn sí òkun."

"Ṣé kì í ṣe òkun la tìtorí ẹ̀ wá ni?"

"Òun náà ni sà. Ẹ̀yìn yín ló máa wà."

Wọ́n á yí, bí a bá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Ìwọ tí wọ́n bá gbé fóònù lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ, bí o bá ti yà á tán, fẹ ojú ẹni tó dúdú jù, tó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, kó tóbi dáadáa. Bí o kò bá rí ẹyinjú rẹ̀, jọ̀wọ́, pè wọ́n padà kí wọ́n tó tú ká.