Tú Inú Rẹ̀ Síta Kí O Tó Sanwó

Láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀ ní Èkó, kò sí irú aṣọ tí ènìyàn kò ní rí rà. Ẹni tó ń wá áńkárá á rí i. Ẹni tó ń wá kóòtù tí wọ́n ti wọ̀ rí lókè òkun, kó dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó gba ọjà Aswani lọ létí títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, á bá a nínú òkítì níbẹ̀. Láti ìgbà àpọ́n mi ni mo ti ń ra aṣọ lágbègbè yìí, owó tí mo sì ti fi ṣòfò níbẹ̀ kò kéré. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe àìlówó ló ń mú ká ra aṣọ tí kò dáa. Ìkánjú àti ìtìjú ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkánjú. Wọn ò tíì wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì nígbà náà, oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n wó o. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ kan, ó ku ọ̀la. Mo ní kóòtù dúdú kan nílé, ṣòkòtò tó máa bá a lọ ni mo wá sí Òṣòdì. Ìgbà tí mo fi máa bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó, ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọkùnrin kan kó ṣòkòtò kọ́ sára irin, ó tan gílóòbù kan ṣoṣo sórí wọn, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ọ̀kan yọ, ó mú ìbàdí rẹ̀, ó fi yí mi lọ́rùn, etí méjèèjì sì pàdé lẹ́yìn ọrùn mi.

“Ẹ̀gbọ́n, tiyín rèé. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n rán an fún.”

Èrò ń tì mí síwá, wọ́n ń tì mí sẹ́yìn. Mo fẹ́ ní kó jẹ́ kí n gbé e wò dáadáa, àmọ́ ó ti ń dì í sínú ọ̀rá. Mo sanwó, mo sì bá tèmi lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù lójú fèrèsé. Ṣòkòtò náà kì í ṣe dúdú rárá, àwọ̀ aró tó ki ni. Ìbàdí rẹ̀ wọ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó há ní itan débi pé mi ò lè jókòó kí n nà tán. Kò sí òmíràn, mo wọ̀ ọ́ lọ. Bí àwọn ọ̀gá yẹn ṣe ń bi mí ní ìbéèrè, etí mi kan wà lọ́dọ̀ wọn, ìkejì ń gbọ́ bí òwú ìdí ṣòkòtò ṣe ń já. Mi ò rí iṣẹ́ náà gbà. Mi ò ní sọ pé ṣòkòtò ló fà á, àmọ́ ó gba ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀ jù lọ.

Ọrùn tí wọ́n fi ń wọn ìbàdí kì í ṣe irọ́. Bí etí ìbàdí ṣòkòtò bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, ó sábà máa ń wọni níbàdí. Ṣùgbọ́n ọrùn ò mọ bí itan ṣe tó, kò sì mọ ìdí. Láti ìgbà náà ni téèpù ti ń bá mi lọ sọ́jà. Mo mọ ìwọ̀n ìbàdí mi, itan mi àti èjìká mi, aṣọ gan-an ni mo sì ń wọ̀n, torí pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sọ́rùn aṣọ máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Aṣọ tó gbọ́dọ̀ bá òmíràn mu ní àwọ̀, ojúmọmọ ni mo ń rà á, mo sì máa ń mú èkejì rẹ̀ dání.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Ìsọlọ̀ ló fún ọjà Aswani lórúkọ. Ìgbà kan wà tí Aswani àti Afprint ń ṣe aṣọ ní àdúgbò yìí. Lónìí, òkìríkà ló gba ibẹ̀. Ìjọba ò fọwọ́ sí kíkó o wọlé, síbẹ̀ bélì ò yé dé, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba Kútọnu kọjá, níbi tí ọjà Missèbo ti gbajúmọ̀ fún un. Aṣọ ilẹ̀ olótùútù ló pọ̀ nínú bélì wọ̀nyí. Mo ra kóòtù onírun àgùntàn kan níbẹ̀ rí, tó ní ìtẹ́nú, tí rírán rẹ̀ dára gan-an. Lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́, inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Célè ni òógùn ti bò mí. Aṣọ náà ò ní àléébù kankan, àmọ́ kì í ṣe ti Èkó. Ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ.

Ọjà yìí kan náà ni mo ti rí olùkọ́. Ìyá kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀tì rí i pé mò ń fi ojú lásán wo ọjà, ó gba ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó tú inú rẹ̀ síta.

“Ọmọ mi, ibí ni kó o máa wò. Ojú aṣọ ni wọ́n máa ń lọ̀, wọn kì í lọ inú rẹ̀.”

Ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀: ìlà méjì ni, etí aṣọ sì ká sínú. Ó rọra fà á níbi abíyá, kò là. Ó yí kọ́là padà, ó wo ibi tó máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ó gbé e sókè sí oòrùn, torí pé ibi tí aṣọ bá ti fẹ́ lu, ìmọ́lẹ̀ á gbabẹ̀ yọ. Ó wá fún igun kan pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ó tú u sílẹ̀, ó hunjọ. “Òwú nìyẹn. Á gba atẹ́gùn sí ọ lára.” Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. Kọ́là rẹ̀ nìkan ni télọ̀ ti yí padà.

Ìtìjú ló kó bá mi nínú ọ̀rọ̀ áńkárá. Ọ̀pá mẹ́fà ni, nínú ọ̀rá tó ń dán. Mo ní kí wọ́n tú u, ẹni tó ń tà á lejú, mo sì sanwó kó má baà rò pé mi ò lówó lọ́wọ́. Ilé ni mo ti rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Mo tún ṣe àṣìṣe kejì, mo gbé e fún télọ̀ láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi. Lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, apá bùbá tó fi rán sún sókè kúrò ní ọrùn ọwọ́ mi, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ràn mọ́ singiléètì.

Áńkárá tí wọ́n fi ìda ṣe, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ Vlisco ti ilẹ̀ Netherlands, tó wà láti ọdún 1846, máa ń kọ orúkọ sí etí aṣọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ṣe ayédèrú rẹ̀, nítorí náà, má fi mọ sórí ìwé kíkà. Bí iyèméjì bá wà, fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, kó o sì fi iná ràn án nílé. Òwú gidi á jó, á rùn bí ìwé tó ń jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Pọ́lísítà á yọ́, á wá dì gbagidi.

Òótọ́ ni pé aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn, ìdí nìyẹn tí ọkàn wa fi máa ń gbóná bí a bá rí èyí tó wù wá. Bí o bá dé ọjà, wò ó, fà á, wọ̀n ọ́n, bi wọ́n ní gbẹ̀yìn, bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Ẹ kú ọjà o, á tà o.” Ẹni tó ná ọjà tí kò rà á kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.