Oúnjẹ Alẹ́ Faransé Tí Èmi Àti Ọkọ Mi Jẹ Ní Èkó

Láti ìgbà tí mo ti ti Èkó dé ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọjà àti àwọn olùkọ́ tí a jọ fẹ̀yìntì ti ń bi mí ní ìbéèrè méjì: elélòó ni oúnjẹ náà, ṣé a sì yó? Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi, nítorí náà ni mo ṣe mú kálámù. Oúnjẹ ènìyàn méjì ní alẹ́ ọjọ́ kan tó owó tí ènìyàn yóò fi ra odidi àpò ìrẹsì, tí yóò sì tún kù fún òróró. Ọmọ wa ni ó san án, kì í ṣe àwa. Ní ti yíyó, a kò yó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pè wá lọ́la, màá lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ní ilé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, bí a bá gún iyán tán, a ó gbé e ka iwájú baálé ní pálọ̀, a ó gbé omi ìṣanwọ́ tì í, a ó sì padà sí ilé ìdáná lọ bá àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ń ṣe láti ọdún 1994 tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Kò sí ìjà níbẹ̀ o. Iyán gan-an ni kò gba ìtàkurọ̀sọ; gbígbóná ni à ń jẹ ẹ́, bí ó bá tutù, a le. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, baálé ti ṣan ọwọ́. Bí a bá sì lọ òde àríyá, àwọn ọkùnrin a jókòó ní tiwọn, àwa náà a jókòó ní tiwa. Nígbà tí ìgbéyàwó wa pé 30 ọdún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí ọmọ wa obìnrin ní kí a wá jẹun alẹ́ ní Victoria Island, àwa méjì péré, ìgbà náà ni mo tó rò ó wò pé èmi àti ọkọ mi kò tíì fi ojú ko ojú jẹun rí.

Oúnjẹ Faransé tí a fi tiwa lú ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Iná ilé náà kò mọ́lẹ̀ rárá; àbẹ́là kan ṣoṣo ni ó ń jó lórí tábìlì, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ṣe ń fẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin tí ó ń gbé oúnjẹ wá fún wa jẹ́ ọmọ Èjìgbò tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Abidjan. Gbogbo ará Ọ̀ṣun ni ó mọ bí àwọn ará Èjìgbò ti ń rìn sí ìlú náà láti ayé àwọn bàbá wọn; Faransé kò ṣòro lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Bí ó ti gbọ́ pé Ìlá ni a ti wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn olówó, ó ní, “Ẹ kú ayẹyẹ, bàbá wa. Ẹ kú ayẹyẹ, ìyá wa.” Inú ọkọ mi dùn sí èyí ju oúnjẹ lọ.

Àwo kìíní ni àkàrà mẹ́ta tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọkọ mi wò ó, wọ́n ní, “Ṣé ìtọ́wò nìyí, kí wọ́n tó gbé èyí tí a ó jẹ wá?” Èkejì ni ìgbín tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, tí a fi bọ́tà àti aáyù dín. Mo béèrè bóyá àwa ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọkùnrin náà ní rárá, pé àwọn Faransé fúnra wọn ń jẹ ìgbín, pé tiwọn kàn kéré sí tiwa ni. Ẹ̀yìn náà ni pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi omi àgbálùmọ̀ sè dípò ọsàn tí àwọn Faransé máa ń lò. Ó dùn. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí lá àwo náà pẹ̀lú búrẹ́dì, kò sì sí ẹni tí ó bá mi wí.

Àwọn kan rò pé àdàlù oúnjẹ báyìí jẹ́ ohun tuntun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Faransé ti gba ilẹ̀ Dahomey ní nǹkan bí ọdún 1894 títí di òmìnira 1960, àwọn ẹ̀yà wa ní Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ wà lábẹ́ wọn, búrẹ́dì gígùn Faransé sì ti di ohun tí a ń fi àkàrà jẹ ní òwúrọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ayé ti ń bu ọlá fún un. Ilé-iṣẹ́ Michelin, àwọn Faransé tí ń ṣe táyà, ni ó tẹ ìwé kan jáde ní 1900 kí àwọn onímọ́tò lè mọ ibi tí wọn yóò ti jẹun tí wọn yóò sì ti sùn. Láti 1926 ni wọ́n ti ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ tí ó gbayì lọ́lá. Ní ọdún 2024, Adéjọkẹ́ Bakare, ọmọ Nàìjíríà, gba ìràwọ̀ kan fún Chishuru, ilé oúnjẹ rẹ̀ ní London, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni dídúró. Àwo kan a lọ, òmíràn a sì pẹ́ kí ó tó dé. Láyé àtijọ́, àwọn Faransé pàápàá a máa kó gbogbo oúnjẹ sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà bí a ti ń ṣe níbi ìnáwó. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìṣe àwọn ará Rọ́ṣíà, tí ń gbé e wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwo méjì, kí ni tọkọtaya yóò ṣe bí kò ṣe kí wọ́n sọ̀rọ̀? Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti jẹ́wọ́ pé àwọn ni àwọn mu agbè ẹmu tí wọ́n gbé wá kí bàbá mi dé ìlàjì, nítorí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n lọ́nà. Odidi 30 ọdún ni mo ti ń bú dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ọjọ́ náà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bí mo ti ń nu ojú ni wọ́n bi mí pé, “Èéṣe tí wọ́n fún ìwọ ní búrẹ́dì, tí wọn kò fún mi?”

Búrẹ́dì wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá òsì wọn. Mo rò pé àbẹ́là ni kò mọ́lẹ̀ tó. Láìpẹ́, ọmọkùnrin náà sún mọ́ wọn láti ọwọ́ òsì, ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì ta gìrì. Ọwọ́ wọn gbá ife omi dànù. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Mo mọ bí a ti ń wo ẹni tí kò rí ara pátákó. Mo ní kí wọ́n máa wo imú mi, mo sì na ìka mi ní ẹ̀gbẹ́ òsì wọn, mo ní, “Ìka mélòó ni?” Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ìka wo?”

Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí wọn kò fi wa ọkọ̀ lálẹ́ mọ́, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀nà Òkè-Ìlá ni kò dára. Wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì, pé wọn kò fẹ́ kí n dààmú. Wọ́n gbé ìpápánu aládùn wá. N kò mọ adùn rẹ̀.

A kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo. Glaucoma ni wọ́n pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó wà nínú ẹyinjú ni ó ń fún iṣan tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ títí yóò fi máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àárín ojú a ṣì mọ́ kedere, ẹni náà a sì máa ka ìwé. Èyí tí ó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn tí à ń kán sójú lójoojúmọ́ lè dáàbò bo èyí tí ó kù. Ojú òsì wọn ti lọ jìnnà. Ọ̀tún ṣì dára díẹ̀. Alaalẹ́ ni mo ń kán an fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí mo ti gbé àga mi wá sí pálọ̀ báyìí. Àwọn ìyá àgbà agbolé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń bá ọkọ jẹun bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Dókítà ní àìsàn náà a máa rìn nínú ẹbí, kí àwọn ọmọ ìyá wọn wá yẹ ojú wò. Àbúrò wọn ọkùnrin ti lọ. Tirẹ̀ dára, wọ́n ní kí ó padà wá ní àmọ́dún. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni kò tíì gbà. Ó ní òun ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.