Ọmọ Wa Fẹ́ Máa Kọ Eré Tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ àbúrò mi, tó wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ apòògùn ní London níbí, lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin kan tó ń kọ eré fún tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni ilé wọn ò ti rójú. Ìyá rẹ̀ pè mí pé kí n bá òun bá a wí. Ohun tó fẹ́ kí n sọ kò ṣòroó mọ̀: kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ náà. Obìnrin yẹn kò fi òkìkí tàn wọ́n o. Ó ní ojú ìwé kan máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan tó bá dórí amóhùnmáwòrán, pé èèyàn lè tún ibì kan kọ títí yóò fi sú u, pé tí eré kan bá parí, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó tún pe òǹkọ̀wé síṣẹ́. Ọmọ tó gbọ́ gbogbo èyí tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò ní àwàdà.

Nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìgbájọ yìí, iṣẹ́ tí à ń pè níṣẹ́ kò pọ̀: dókítà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, ẹnjiníà. Àwa yìí kan náà la sì máa ń fi fídíò Bob Hearts Abishola ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp. Ní 2019 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí CBS ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀rọ̀ ìdílé Yorùbá kan ní Detroit. Gina Yashere, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ẹnjiníà lífítì ni ní ilé iṣẹ́ Otis kó tó di aláwàdà. Wọ́n pè é kó wá là wọ́n lóye nípa àwa ọmọ Nàìjíríà ni, ló bá kúkú jókòó tì wọ́n, ó ń kọ eré, ó tún ń ṣe Kemi nínú rẹ̀. Folake Olowofoyeku tó ṣe Abíṣọ́lá, ọmọ Iléṣà tó múlé gbè wá ni.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba ìyá ọmọ yìí nídìí. Ní 2023, wọ́n gé owó eré náà kù, Bob àti Abíṣọ́lá nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ bí òṣèré ìgbà gbogbo. Àwọn yòókù di ẹni à ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún náà ni àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148. Ní 2024, eré parí. Nílé lọ́hùn-ún pàápàá, Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní yunifásítì Ifẹ̀.

Mo ní kí ọmọ náà fi ohun tó ti kọ hàn mí. Ogun Kírìjì ló dáwọ́ lé: àwọn Ìbàdàn ní ibùdó lápá Ìgbájọ wa, àwọn Èkìtìparapọ̀ lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, títí wọ́n fi tú ká ní 1893. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn balógun kàn ń ki ara wọn ṣáá ni; oorun fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ. Nígbà tó yá, obìnrin alákàrà kan jókòó létí ibùdó, ó ń ka owó ẹyọ. Ìbọn dún. Kò gbójú sókè, ó kàn tún owó náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ torí ó ti gbàgbé ibi tó kà dé. Jagunjagun kan ní kó ta àwìn fún òun. Ó ní, “Bí ẹ ò bá padà ńkọ́?”

Ẹ̀rín pa mí. Nǹkan wà lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Ó ní, “Mọ́mì Ńlá, ṣé kí n fi iléèwé sílẹ̀ ni?” Mo ní rárá o, kó parí rẹ̀. Owó ilé ní London kì í dúró de ẹni tí wọn ò tíì pè síṣẹ́. Ẹni tó bá sì ń dúró nídìí káńtà apòògùn, ohun táwọn èèyàn ò lè sọ fún aya tàbí ọkọ wọn ni yóò máa gbọ́. Kí ni òǹkọ̀wé tún ń wá? Mo wá kọjú sí ìyá rẹ̀, mo ní kó yé wọ́ ọmọ náà kiri òde ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé, kí ọmọ náà lè ráyè kọ̀wé. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ọmọ náà ń wá ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ fún un bí wọ́n ṣe ń dáná, tí wọ́n sì ń tajà ní ibùdó ogun yẹn. Ẹ̀yin àgbà tó bá gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìtàn àwọn balógun o. Ìyẹn ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀.