Ojú Tí Kì Í Sùn ní Òkè Mbe

Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹranko kan wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa yìí tí ó jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìròyìn rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́; àwọn tí ó fojú bà á kò pọ̀. Ẹranko náà ni gòrílà, ìnàkí tí ó síngbọnlẹ̀ ju gbogbo ìnàkí lọ. Orí òkè ni ó ń gbé, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Kamẹrúùn.

Ẹni tí ó bá gbéra láti Kàlàbá yóò kọjú sí ìhà àríwá, yóò wọ ọkọ̀ dé Ikom, ìlú tí àwọn oníṣòwò kòkó mọ̀ dáadáa. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba ọ̀nà Obudu, títí yóò fi rí àwọn òkè gàgàrà tí igbó dúdú bò láti ẹsẹ̀ dé orí. Òkè Mbe nìyẹn. Àbúlé Kanyang wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti la oko kọjá, igbó kìjikìji ni ó kù. Igbó ìjọba kọ́ ni igbó náà o. Àbúlé mẹ́sàn-án ni ó ni ín. Igbó Afi wà ní apá kan rẹ̀, igbó Okwangwo wà ní apá kejì, òun sì dà bí afárá láàrin àwọn méjèèjì.

Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ rò pé gòrílà ti tán pátápátá ní Nàìjíríà. Ó di ìparí àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ṣì wà. Irú gòrílà yìí, ti Nàìjíríà àti ti Kamẹrúùn lápapọ̀, kò ju nǹkan bí 300 lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo iye ọmọ tí ń tò sórí ìlà láàárọ̀ ní ilé-ìwé yín, kí ẹ wá ro iye tí 300 jẹ́.

Kí ni kò jẹ́ kí ojú tó wọn? Ìbọn ni. Ó ti pẹ́ tí ọdẹ ti ń lé wọn, wọ́n sì ti kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá ti gbóòórùn ènìyàn, wọ́n ti sá lọ. Nítorí náà, ipa ẹsẹ̀, ìgbẹ́, àti ibùsùn tí wọ́n ń fi ewé tẹ́ ní alaalẹ́ ni àwọn tí ń ṣọ́ wọn fi ń mọ iye wọn. Ibùsùn ni wọ́n ń kà, wọn kì í rí ẹni tí ó sùn sí i.

Ibi tí ojú ènìyàn kò ti tó o ni kámẹ́rà ti wúlò. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Kí ọdún 1900 tó dé ni George Shiras, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà kan tí ó fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe, ti ń ta okùn sí ojú ọ̀nà àgbọ̀nrín ní ìpínlẹ̀ Michigan. Bí ẹranko bá fẹsẹ̀ kan okùn, iná á bù yẹ̀rì, àwòrán á sì wọlé. Pàkúté ni, àfi pé kì í pa ẹran. Ní oṣù Keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwòrán rẹ̀ jáde.

Kámẹ́rà òde òní kò fẹ́ okùn mọ́. Àpótí kékeré ni, tí a ń so mọ́ ara igi lẹ́bàá ojú ọ̀nà ẹranko. Bí ohun tí ara rẹ̀ gbóná bá kọjá níwájú rẹ̀, ó mọ̀, ó sì ya àwòrán. Ní òru, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí ni ó ń lò. Ó ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ara àwòrán. Ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tí a fi ń so ó: kò gbọdọ̀ kọjú sí oòrùn, a sì gbọ́dọ̀ ṣán koríko iwájú rẹ̀, nítorí ewé tí oòrùn pa, tí atẹ́gùn sì ń fì, lè tàn án jẹ. Òjò àti èèrà náà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni ó mú àwòrán tí ẹgbẹ́ Wildlife Conservation Society gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2020. Agbo gòrílà kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ní Òkè Mbe, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà láàrin wọn, ọ̀kan tilẹ̀ wà lẹ́yìn àgbà bí ọmọ tí a pọ̀n. Ayọ̀ ńlá ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo gòrílà sábà máa ń bí, nǹkan bí ọdún mẹ́rin sì ni ó wà láàrin ọmọ kan àti èkejì. Bí a bá pa ìyá kan lónìí, kì í ṣe ọdún kan ni a ó fi rí arọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, kámẹ́rà ń wò ni, kò lè gbani. Wáyà tí a dẹ fún ẹtu tàbí túrúkú lè mú gòrílà lọ́wọ́. Pàkúté kò mọ orúkọ ẹran. Àwọn àbúlé mẹ́sàn-án náà ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dáàbò bo òkè wọn, àwọn ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń ṣe olùṣọ́ igbó. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùṣọ́ kò lè kárí gbogbo ọ̀dọ́. Ẹni tí ó ń fi owó ẹran ìgbẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, bí a bá ní kí ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó yẹ kí a fi ohun tí yóò gbé dípò rẹ̀ hàn án. Ẹ̀tọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní igbó Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ṣì wà. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń rìn ní ọ̀nà Èkó sí Bìní, ẹ̀gbẹ́ igbó náà ni ẹ ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá na ẹran ìgbẹ́ sí yín lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ rántí pé owó tí ẹ bá san ni yóò rán ọdẹ padà sínú igbó. Bí a kò bá rà á, ta ni yóò pa á tà?